Bí ẹ ṣe lè lọ tọ́ ẹmu wò ní abà adẹ́mu lẹ́yìn Iléṣà

Wọ́n ti ń pọn bíà ní Iléṣà láti 1978, orúkọ Trophy sì ti gbilẹ̀ débi pé bí àlejò bá wọ̀lú tó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun, ìgò tútù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Mi ò bá bíà jà. Ṣùgbọ́n bíà tí ẹ mu ní Iléṣà náà lẹ máa mu ní Èkó. Ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹmu tí ẹ mu nídìí ọ̀pẹ láago méje àárọ̀ kọ́ ni wọ́n máa tà fún yín ní gáréèjì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú agbè kan náà ló ti jáde. Aago ti yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ẹmu gan-an, àfi kó lọ bá a níbi tó ti ń kán.

Ọ̀dọ̀ ìdílé kan ni mo máa ń mú àlejò mi lọ, ní abà kan lẹ́yìn Òṣú, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀. Bàbá ń gun ọ̀pẹ, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin náà ń gun tirẹ̀, Ìyá ló ń sẹ́ ẹmu tó sì ń tà á, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń ṣan agbè. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àga onítìmùtìmù, ajá kan ló máa pàdé yín. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri oko Àtàkúnmọ̀sà, wọ́n wà ní ìhà Ifẹ̀wàrà àti Ìbòkun, wọ́n sì wà lẹ́yìn Ifẹ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà o. Àwọn mìíràn wá láti ìhà Delta tàbí Benue, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ lóko débi pé òwe ni wọ́n á fi dá yín lóhùn.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń lọ mu

Ohun mẹ́rin ni wọ́n lè gbé síwájú yín ní abà, ẹ má sì pe gbogbo wọn ní ẹmu.

Ẹmu ọ̀pẹ ni àkọ́kọ́, láti ara ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn. Lọ́dọ̀ tiwa, orí ìdúró ni wọ́n ti ń dá a. Adẹ́mu á gun ọ̀pẹ, á wá akọ òdòdó, ìyẹn èyí tí kò ní í so ẹyìn, á gé e lórí, á sì so agbè mọ́ ọn. Ọ̀pẹ náà kò ní kú, wọ́n á tún padà wá bá a.

Ògùrọ̀ ni èkejì. Inú àbàtà àti etí odò ni igi tirẹ̀ ń hù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀. Bó bá ti so tán, ó kú nìyẹn. Adẹ́mu á máa ṣọ́ ọ fún ọdún púpọ̀, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yọ òdòdó ni á dá a lórí. Gbogbo ohun tí igi náà ti ń tọ́jú fún ọmọ rẹ̀ ni ẹ ń mu yẹn. Ó sábà máa ń dùn ju ẹmu ọ̀pẹ lọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹmu ọ̀pẹ ni àgbà.

Àgàdàgídí ni ẹ̀kẹta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí wọ́n rẹ sínú omi títí tó fi hó. Oko kòkó ni wọ́n ti ń rí i ṣe, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣíji bo kòkó nígbà tó bá ṣì kéré. Bí ẹ bá rí i, ẹ tọ́ ọ wò. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má dààmú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni ògógóró, ẹmu tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn ṣàdédé ń ṣókùnkùn, wọ́n sì ń kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló bínú. Ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n rí i pé methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, tó wà nínú ògógóró ni. Ẹnu kò lè mọ methanol yàtọ̀, mi ò sì tíì pàdé adẹ́mu tó ní ẹ̀rọ tó lè mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ wá ojúlùmọ̀ tó máa mú yín dé ibẹ̀

Ẹ má kàn wọ oko olóko pé ẹ ń wá ẹmu. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ẹmu lẹ́bàá títì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra díẹ̀, ẹ mu ún níbẹ̀, kí ẹ tó béèrè pé, "Ìyá wa, ta ló ń dá èyí?" Bí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ gba oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sọ. Òmíràn á tilẹ̀ ní, "Ọkọ mi ni."

Bí ẹ bá ti gba nọ́ńbà Bàbá, ẹ pè é ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ní alẹ́, nígbà tó ti ti oko dé. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Ọ̀pẹ mélòó ló ń dá lọ́wọ́ báyìí? Aago mélòó ló ń gun ti àárọ̀? Ǹjẹ́ ó máa ń fi èèpo igi sí i? Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ẹ̀sùn. Àwọn adẹ́mu kan máa ń fi èèpo igi kíkorò sí ẹmu kó lè le, kó má sì tètè kan. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n bá mi fi agbè kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i.

Kí ẹ má ju márùn-ún lọ. Ẹmu àárọ̀ ti ní olówó kí ó tó kúrò lórí ọ̀pẹ, ohun tí wọ́n bá fún yín, inú ti ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Nítorí náà pẹ̀lú, ẹ má lọ ní ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta. Òkú àgbà àti ìgbéyàwó ló ni ẹmu ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára jù, Bàbá á ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì wà ní ìhà Ifẹ̀, ẹ tún wo kàlẹ́ńdà yunifásítì. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Bí wọ́n bá ní ayẹyẹ lọ́sẹ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ agbè lẹ máa bá.

3. Ẹ mú ìgbà, ẹ mú aago

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì. Lásìkò òjò, ara ọ̀pẹ máa ń yọ̀, ojú ọ̀nà abà á di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, omi òjò á sì wọ inú agbè bá ẹmu. Adẹ́mu tó bá jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún yín pé, "Ẹ má wá lónìí." Àárọ̀ ọyẹ́ ni tèmi. Òtútù òru kì í jẹ́ kí ẹmu tètè hó, ìdí nìyẹn tí ti àárọ̀ fi máa ń dùn ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ aago yìí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró lé. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán láti ara ọ̀pẹ, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀: nínú 100 gíráàmù, ṣúgà tó nǹkan bí 10 sí 12. Kò sí ọtí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti wà lára agbè látàárọ̀ àná, ó ti wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára eṣinṣin àti oyin tó ń bà lé e. Bí omi náà ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà rẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Láàárín wákàtí 2, ọtí inú rẹ̀ ti lè tó 4 nínú 100. Bíà inú ìgò sábà máa ń tó nǹkan bí 5. Bó bá di ọjọ́ kejì, àwọn kòkòrò àìrí mìíràn á wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà, wọ́n á sọ ọtí di kíkan. Nítorí náà, ẹni tó bá dé abà ní aago mẹ́wàá ti pàdánù apá kan nínú ohun tó wá wò. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ẹmu inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ńkọ́? Wọ́n ti fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ NIFOR, nítòsí Benin, wà lára àwọn tó ti ń ṣe é. Ó mọ́, kì í kan, ṣùgbọ́n aago rẹ̀ ti dúró.

4. Ohun tí ẹ máa wọ̀ àti ohun tí ẹ máa mú dání

Ṣòkòtò gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Oyin ló ń gbé orí ọ̀pẹ, wọn ò sì mọ̀ pé Paris ni tiyín ti wá. Yàtọ̀ sí oyin, ẹni tó ń rùn lọ́fínńdà kò lè gbọ́ òórùn ẹmu.

Ẹ mú owó lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì abà kò ṣeé gbára lé, kò sì dára kí ẹ mu ẹmu ènìyàn tán kí ẹ wá máa na fóònù sókè pé tiráńsífà ń bọ̀. Ẹ ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ, ó kéré tán ẹyọ méjì. Ẹ mú omi mímu tiyín. Ẹ jẹun kúrò nílé: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tó. Ikùn òfo àti ẹmu kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Kí ẹni kan wà láàárín yín tí kò ní mu, òun ló máa wa ọkọ̀ padà. Ẹ yan án láti ilé. Bí ẹ bá dé abà kí ẹ tó yan án, kò sẹ́ni tó máa gbà.

Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lo Flagyl lọ́wọ́. Oògùn yẹn àti ọtí kì í bára wọn gbé, èébì àti orí fífọ́ ló ń tẹ̀ lé e. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó rántí ṣúgà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọlọ́bàtálá bá sì wà nínú yín, ẹ má fi lọ̀ ọ́. Ará Ifẹ̀ kò nílò àlàyé: Olódùmarè rán Ọbàtálá wá dá ilé ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan lọ rí, omi ló ń mu, òun ló sì gbádùn gígun ọ̀pẹ jù nínú gbogbo wa.

5. Bí ẹ bá dé ibẹ̀

Ẹ kí wọn kí ẹ tó wo nǹkan kan. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ tàbí kó tẹrí ba, obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹ má wò ó pé oko ni. Adẹ́mu àti akọ̀pẹ ní ìkíni tiwọn: "Igbà á rọ̀ o!" Igbà ni okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, ẹ̀mí wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ óò rí i bí ojú Bàbá ṣe máa tàn, pàápàá bí ẹni tó wọ jíńsì bá fi kí i.

Bó bá ti wà lókè nígbà tí ẹ dé, ẹ má pariwo pè é. Ẹ dúró sẹ́yìn, kí ẹ má wà lábẹ́ ibi tó wà. Imọ̀ ọ̀pẹ lè já, ọ̀bẹ lè bọ́. Ẹ má sì lo fóònù láti máa ní kó "rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún fọ́tò." Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gùn.

Ẹ wo gígùn náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ìdajì ohun tí ẹ wá fún. Bàbá á fi igbà yí ọ̀pẹ ká, á sì yí i ká ara rẹ̀, á so ó, á fi gbogbo ara fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ló máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, tí okùn á gbé e. Ẹsẹ̀ á gun, ọwọ́ á ju igbà sókè, ẹsẹ̀ á tún gun. Ìró igbà lára ọ̀pẹ máa ń dún pá, pá, pá, bí ẹni ń gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá dé òkè, á dákẹ́. Oyin ló ń wò.

Ìgbà kan ni mo bẹ àkọ́bí rẹ̀ pé kó fi ohun tó ń ṣe lókè hàn mí nílẹ̀, lára òdòdó kan tó ti gé. Ó mú ọ̀bẹ kan tó mú bí abẹ ìfárí, ó ré ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́, ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí ìka rẹ̀ láti ẹ̀yìn ohun tó ré, bí awọ àlùbọ́sà. Ó ní bí òun bá gé e nípọn, òdòdó náà á tètè tán; bí òun kò bá gé e rárá, ojú rẹ̀ á dí, ẹmu kò ní kán mọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe èyí, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ ọdún. Ó ní òun ṣe ọdún méjì lórí ọ̀pẹ kúkúrú kí Bàbá tó jẹ́ kí òun gun gíga.

6. Títọ́ ẹmu wò

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀.

Agbè máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Ìyá á da ẹmu sínú asẹ́, oyin tó kú àti èérún igi á dúró lórí asẹ́. Ẹ má jẹ́ kí èyí kó yín nírìíra. Ẹmu tí oyin kò bá sún mọ́ rárá ni kí ẹ bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà Ìyá tàbí Bàbá á kọ́kọ́ mu. Àṣà ni, láti fi hàn pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyá, ẹ bá wa ṣí i." Wọ́n á mọ̀. Bí Bàbá bá ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ, ẹ dákẹ́ kó ṣe é tán, ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe.

Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gba ahá. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní kọ́ọ̀pù oníke nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ahá. Oníke máa ń gbé òórùn tirẹ̀ wọ inú ẹmu.

Àkọ́bù: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kó funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, kí ìfófó sì wà lójú rẹ̀ tó ń wá tó ń lọ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ mu ìwọ̀n ẹnu kan, ẹ má gbé e mì kíá. Adùn ló máa kọ́kọ́ dé, adùn tó súnmọ́ ti omi àgbọn ṣùgbọ́n tó ki jù ú lọ; lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan kan á máa rìn lórí ahọ́n yín wẹ́wẹ́wẹ́. Ìrìn yẹn ni ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó mu èkejì, ẹ ṣe ohun kan tí mo ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan, tí Ìyá fi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bu ahá kan kún láti inú àkọ́bù yìí, ẹ fi ewé bò ó, ẹ gbé e sí abẹ́ igi níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé. Ẹ wo aago. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ mu ẹnu kan nínú rẹ̀. Láago méje ààbọ̀, adùn ṣì ni. Láago mẹ́jọ, ìfófó rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ó sì ti ń ta díẹ̀. Láago mẹ́sàn-án, adùn ti fà sẹ́yìn, ọtí ti jókòó sí iwájú. Láago mẹ́wàá, ẹ óò rí i pé ọ̀fun yín ti gbóná. Ohun kan náà ni, nínú ahá kan náà. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà rí iṣẹ́ àkókò lójú ara rẹ̀ báyẹn.

Ìbù kejì: ẹ bẹ Bàbá pé kó fún yín ní ti ọ̀pẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má dà wọ́n pọ̀. Èyí ṣòro fún wọn, nítorí dídà pọ̀ ni wọ́n fi ń tà, ẹ máa san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé ọ̀pẹ tó wà lórí òkè àti èyí tó wà ní ẹ̀bá odò kò bára dọ́gba. Ti ẹ̀bá odò tí mo mọ̀ máa ń lómi díẹ̀. Bàbá ní orúkọ fún àwọn ọ̀pẹ rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń pè ní "Ìyàwó Àṣẹ̀ṣẹ̀fẹ́," nítorí kò tíì já a kulẹ̀ rí.

Bí ògùrọ̀ bá wà, àárín ibí ni kí ẹ ti mu ún, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Adùn rẹ̀ á bo gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e.

Ìbù ìkẹyìn: ẹmu àná. Àwọn ọkọ abà, àwọn àgbà tó ti mu ẹmu fún ogójì ọdún, òun ni wọ́n ń fẹ́. Ó kan, ó le, ó ń gún imú. Ẹnu kan péré fún àlejò. Bí inú bá ń run yín lọ́jọ́ kejì, ẹ má sọ pé mi ò wí.

Ní gbogbo ìbù wọ̀nyí, ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀, kí omi sì wà láàárín. Ẹmu máa ń tan ènìyàn jẹ: ó dùn lẹ́nu bí nǹkan ọmọdé, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dìde ni ẹ óò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti gba ìsinmi. Bí ẹ bá fẹ́ tu ú dànù lẹ́yìn títọ́ wò, bí àwọn olówó wáìnì ṣe ń ṣe, ẹ rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Títu ẹmu níwájú ẹni tó gùn ún wá jẹ́ ìwọ̀sí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bí wọ́n bá ti bu omi sí i? Ó máa ń ṣàn kúrò lára ahá láìfi àwọ̀ sílẹ̀, ìfófó rẹ̀ kì í pẹ́. Bó bá jẹ́ pé adùn oníhóró ni wọ́n fi sí i, ìyẹn ṣúgà ayédèrú, ẹ̀yìn ahọ́n yín á korò lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì tán. Ní ìdí ọ̀pẹ, ẹ kì í sábà rí irú rẹ̀. Lójú títì ni iṣẹ́ yẹn pọ̀ sí.

7. Oúnjẹ

Iṣu sísun àti epo pupa tó ní iyọ̀ àti ata. Bí ìgbín bá wà, ó bọ́ sí i. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá fẹ́ gún iyán fún yín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ iyán láìdáa, ṣùgbọ́n iyán àti ẹmu láago mọ́kànlá àárọ̀, oko náà lẹ máa sùn sí.

8. Owó

Bàbá á ní, "Kí la fẹ́ gbà lọ́wọ́ àlejò?" Ẹ má gbọ́. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi owó ìtọ́wò sí i lọ́tọ̀, sínú ọwọ́ Ìyá. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, a mọ bí a ṣe ń dúró ti owó títí tó fi jáde, ṣùgbọ́n mi ò ná ọjà pẹ̀lú ẹni tó fi okùn kan ṣoṣo dúró láàárín ọ̀run àti ayé nítorí mi.

9. Gbígbé e lọ sílé

Èyí kọ́ mi lọ́gbọ́n lọ́jọ́ kan. Mo ra kẹ́ẹ̀gì méjì, mo fi gbogbo agbára dé ìdérí wọn kó má baà dà sínú búùtù. Oòrùn ti mú. A kò tíì rìn jìnnà kúrò ní Òṣú tí nǹkan fi dún gbòà lẹ́yìn wa. Mo rò pé táyà ló bẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, gbogbo wọn dára. Ìgbà tí mo ṣí búùtù ni ìfófó funfun tú jáde bí ẹni tú ọṣẹ. Kẹ́ẹ̀gì kan ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwúkàrà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé ẹ ti sanwó. Ó ń mí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ń kan bí ilé ẹlẹ́mu. Mo gbé alàgbà ìjọ wa lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó fa imú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sílẹ̀. Ẹ má dé e pa. Ẹ fi ìdérí lé e láìlọ̀ ọ́ mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi ewé tó mọ́ dí i ní ẹnu, bí Ìyá ṣe máa ń ṣe. Ẹ gbé e sí ìdúró láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn, kì í ṣe búùtù. Bí ẹ bá délé, ẹ gbé e sínú fìríìjì, kí ìdérí ṣì wà ní títú. Òtútù á fa ẹsẹ̀ aago sẹ́yìn fún yín, kò lè dá a dúró.

Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, àwọn tó ń ṣe àgbo máa ń fẹ́ ẹ fún rírẹ egbò igi, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín. Kẹ́ẹ̀gì Ìyá ni kí ẹ dá padà nígbà míì tí ẹ bá ń lọ. Ẹ fi omi gbígbóná àti yanrìn mì í títí tí yóò fi mọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án. Ìyá á ṣí i, á sún imú mọ́ ẹnu rẹ̀, kó tó gbà á lọ́wọ́ yín.